Alájì Tó Ní Òun Ni Ajá Inú Ìtàn Dókítà

Ẹjọ́ kan gun àtẹ̀gùn ààfin Baálẹ̀ àwa Yorùbá ní Cow Lane, nílùú Accra, lánàá. Kó tó dé òkè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé e wá ni Alájì Ìbráhímù, tó ń ta àgádágodo ní Adabraka. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Dókítà Abọ́dúnrìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn ti mú Dókítà, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan mọ́. Ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù Alájì dojú kọra, títì kan ló là wọ́n láàárín.

Alájì ti múra ẹjọ́. Ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà Mẹ́kà rẹ̀, ó sì ti ń ka ohun tó máa sọ sórí láti ìdájí. Lójú tirẹ̀, kò sí bí Baálẹ̀ ṣe máa gbọ́ ọ tán tí kò ní sọ pé kí Dókítà tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn. Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́ wò nínú yàrá náà: ọwọ́ Dókítà, tó ń jó lórí itan rẹ̀ láìsí ẹni tó lùlù fún un. Ó wo ògiri. Ó wo fáànù. Ó wo Baálẹ̀.

“Alájì,” Baálẹ̀ ní, “kí ni Dókítà fi ṣe ọ́?”

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ó sọ mí di ajá.”

“Oògùn ló fi sọ ọ́ di ajá ni, àbí ẹnu?”

“Ìtàn ni. Látọjọ́ tó ti ra ajá, kò níṣẹ́ méjì mọ́. Ó ń kọ ìtàn ajá náà sórí Wàsáàpù ẹgbẹ́ wa, gbogbo Yorùbá Accra ló sì ń kà á. Àní àwọn Ga tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, àwọn ọmọ wa ti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ trotro láti Nima, ẹni tó jókòó tì mí á wo fóònù rẹ̀, á wo ojú mi, á bú sẹ́rìn-ín.”

“Ó dárúkọ rẹ nínú ìtàn náà?”

“Kò dárúkọ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ìkà rẹ̀ wà.”

“Kí ló wá kọ?”

Alájì tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. Ibi tó ti múra sílẹ̀ fún dáadáa nìyí.

“Ó kọ pé bí ajá òun bá jẹun yó, á hanrun débi pé àwọn ẹyẹ orí igi á ṣí lọ. Èmi nìyẹn. Ó kọ pé bí àlejò bá wọlé, àpò ọwọ́ àlejò ni ajá náà máa ń kọ́kọ́ kí, kó tó kí àlejò. Èmi nìyẹn. Ó kọ pé bí ó bá pàdé ajá tó tóbi jù ú, á ṣe bí ẹni pé òun ń wá nǹkan nílẹ̀ títí onítọ̀hún á fi kọjá. Èmi nìyẹn, Baálẹ̀. Èmi pátápátá.”

Ìyá Àkànkẹ́ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀. Ó ń pa ẹ̀pà jẹ, ó dúró.

“Ìwọ nìyẹn?” ló bi Alájì.

“Gbogbo ayé ló mọ̀, Ìyá.”

“Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀,” Ìyá Àkànkẹ́ ní. “Mo ti mọ̀ báyìí.”

Baálẹ̀ yíjú sí Dókítà. Àìsàn yìí ti gba ohùn lẹ́nu Dókítà náà. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ìgbìmọ̀ tó lè gbọ́ ọ, gbogbo wọn ní láti tẹ̀ síwájú lórí àga. Èyí bí Alájì nínú, nítorí lójú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń tẹríba fún un.

“Baálẹ̀, ajá ni mo kọ nípa rẹ̀. Ó ní ìrù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní ìrù. Kí Ìbráhímù fi ìrù tirẹ̀ hàn wá, mo gbà pé mo jẹ̀bi.”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Alájì ò rẹ́rìn-ín.

“Dókítà bíi tìẹ,” Baálẹ̀ ní, “tó kàwé tó báyìí, kí ló gbé ọ dé ìdí ìtàn ajá?”

“Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń jẹun. Ọwọ́ náà ti kọ̀ mí. Ìka kan ló ṣẹ́ kù tó ń gbọ́ tèmi, òun ni mo fi ń tẹ fóònù. Mo ní kí n máa kọ nípa àwọn tó ń wá sílé mi. Mo wò yíká ilé. Ajá ni mo rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ pa ẹ̀rín ìgbìmọ̀ kú. Alájì rí i bẹ́ẹ̀, ó yára gbé ọwọ́ sókè.

“Baálẹ̀, ẹ bi í ní orúkọ tó sọ ajá náà.”

“Kí lorúkọ ajá náà?”

“Ọ̀rẹ́mi-dà,” Dókítà ní.

Ariwo sọ nínú yàrá. Kò sí Yorùbá tó ń ṣàdédé sọ ajá lórúkọ. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ajá, ará ilé kejì ni kó lọ ronú.

“Ẹ ẹ̀ rí i?” Alájì ní. “Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, á máa pè é. Ọ̀rẹ́mi-dà. Ọ̀rẹ́mi-dà. Àwọn oníbàárà mi á bi mí pé, ‘Alájì, ọ̀rẹ́ ta ló sọnù?’”

“Ẹnu ọ̀nà mi ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀,” Dókítà dáhùn. “Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ilé.”

Alájì yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó ti mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ yìí, Dókítà ò ní rí ẹnu sọ̀rọ̀.

“Baálẹ̀, ẹ gbọ́ eléyìí. Ìtàn ìkómọ tá a lọ ní Nima ni. Ó kọ ọ́ pé: ‘Nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣàdúrà, tí gbogbo ojú dì, alaji eran lori tabili.’ Alájì ló kọ o. Alájì ẹran.”

Baálẹ̀ gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. “Dókítà, alaji ló wà níbí lóòótọ́.”

“Baálẹ̀, fóònù mi ò ní àmì ohùn. ‘Ajá jí ẹran’ ni mo fẹ́ kọ. Ìka mi gbọ̀n, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, àyè àárín sì parẹ́. Ajá jí di Alájì.”

“Nínú gbogbo lẹ́tà tó wà lórí fóònù, èyí gan-an ló yẹ̀?”

“Àìsàn ni, Baálẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í yan ohun tó ń jábọ́ lára rẹ̀.”

“Ó dáa,” Alájì ní. “Kí Dókítà wá sọ ti gbólóhùn tó tẹ̀lé e. Ó ní ajá náà fi ẹran pamọ́ sábẹ́ agbádá. Ajá wo ló ń wọ agbádá?”

Dókítà wo agbádá tó wà lọ́rùn Alájì.

“Níbẹ̀ yẹn,” ó ní, “ọwọ́ mi ò gbọ̀n.”

Baálẹ̀ dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. “Alájì, ṣé òótọ́ ni pé o jí ẹran níbi ìkómọ?”

“Mi ò jí i, Baálẹ̀. Mo fi pamọ́ ni, kí eṣinṣin má bà á.”

Wọ́n ní kí ó pe ẹlẹ́rìí. Ó pe Ikrimah, tó ń sun ẹran chichinga níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́ pé Ikrimah á jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Alájì ni ajá náà. Wọ́n mú Ikrimah búra.

“Ikrimah,” Baálẹ̀ ní, “o mọ Alájì, o mọ ajá Dókítà. Ṣé wọ́n jọra?”

“Rárá, Baálẹ̀. Wọn ò jọra rárá.”

“Ikrimah,” Alájì ní, “rántí ohun tá a sọ.”

“Mo rántí, Alájì, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí wọ́n mú mi búra. Baálẹ̀, ajá yẹn máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi ni, á máa wò mí títí n ó fi fún un. Kò mú ẹran mi rí. Alájì kì í dúró kó jinná.”

“Nítorí náà o sọ pé wọn ò jọra.”

“Wọn ò jọra. Ajá náà ní sùúrù.”

Ẹ̀pà fẹ́ há Ìyá Àkànkẹ́ lọ́fun. Wọ́n gbá a lẹ́yìn. Alájì rí i pé ẹlẹ́rìí òun ló fẹ́ dá òun lẹ́bi yìí, ó dìde.

“Baálẹ̀, ẹ má dá Ikrimah lóhùn. Mo jọ ajá náà. Kò síbi tí mi ò ti jọ ọ́. Ẹ pe ìyàwó mi.”

Alájà Ṣùkúrátù wà lẹ́yìn, ó ti ká ọwọ́ lé àyà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀; Alájì ló bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó búra, ó dìde.

“Alájà, ṣé ọkọ rẹ jọ ajá náà?”

“Wọ́n jọ ọ́ dáadáa, Baálẹ̀.”

Alájì mí kanlẹ̀.

“Ìhanrun yẹn, àwọn ni. Àpò àlejò, àwọn ni. Ti ajá tó tóbi yẹn, ẹ bi onílé ṣọ́ọ̀bù wa, ọjọ́ tó bá wá gbowó, wọ́n á ní àwọn ń wá bọ́tìnnì nílẹ̀.”

“O ṣeun,” Alájì ní. “Ó tó.”

“Kò tíì tó,” Baálẹ̀ ní. “Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni yín, títì kan ló là yín láàárín. Kí ló dé tí o kò fi sọdá lọ bá a jà nílé rẹ̀? Ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?”

Alájì ti mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. “Baálẹ̀, mùsùlùmí ni mí, ajá sì wà nínú ilé náà. Bí itọ́ ajá bá kan aṣọ mi, báwo ni mo ṣe máa kírun?”

Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ mi orí. Èsì gidi ni. Alájì fẹ́ẹ̀ jókòó.

“Ajá kọ́, Baálẹ̀,” Alájà ní.

“Ṣùkúrátù.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá búra, bàbá wọn. Baálẹ̀, ajá ò tíì dé ilé Dókítà tí Alájì ti ṣíwọ́ lílọ síbẹ̀. Nígbà Iléyá èṣí, èmi nìkan ni mo gbé ẹran Dókítà lọ fún un. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn.”

“Kí ló wá dé?”

“Ọjọ́ tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, Dókítà ní kí òun fún wọn ní tíì. Ife bọ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó fọ́, tíì dà sílẹ̀. Wọ́n délé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ síbi fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ ara wọn sínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Títí di òní, bí wọ́n bá ti jí, wọ́n á nà án. Wọ́n rò pé mo ń sùn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alájì wo ògiri, ògiri ò gbà á. Ọwọ́ Dókítà yẹn ló là á níkùn nígbà tí ìfun rẹ̀ lọ́, tó rán an padà, tí àpá rẹ̀ ò sì hàn. Ọwọ́ yẹn ló gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ tó rí i tí ife tíì lásán ń ṣẹ́gun ọwọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á nígbà tí wọ́n fẹ́ là á níkùn. Ṣùgbọ́n Alájì kì í pe ẹ̀rù ní ẹ̀rù. Ó ti ń pè é ní ajá láti ìgbà tí ajá ti dé.

Ìyá Àkànkẹ́ na ọwọ́. “Ẹ fún mi ní fóònù yẹn. Alájì, ìtàn tó kẹ́yìn tí Dókítà kọ, o ò kà á fún wa.”

“Kò kàn mí, Ìyá.”

“Gbogbo rẹ̀ ló kàn ọ́ láti àárọ̀.” Ó gbé fóònù fún Nàfísátù, akọ̀wé ìgbìmọ̀. “Kà á fún mi, ojú mi ò ríran.”

Nàfísátù kà á: “Mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà lánàá. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, mi ò lè dìde. Ọ̀rẹ́mi-dà dùbúlẹ̀ tì mí nínú oòrùn. Ó ń gbó, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ẹnì kan ju bàtà lù ú láti òdìkejì títì. Ó ké, ó sá, ó padà wá. Ó fi bàtà náà ṣe ìrọ̀rí, ó tún ń gbó, títí obìnrin kan tó ń kiri ẹ̀kọ kenkey fi wá gbé mi nílẹ̀.”

Baálẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ Nàfísátù, ó gbé e kalẹ̀.

“Alájì,” ó ní, “ajá inú ìtàn yìí, ìwọ náà ni?”

Alájì wo Ikrimah. Ikrimah ń wo fáànù.

“Rárá, Baálẹ̀.”

“Èyí tó ń hanrun, ìwọ ni. Èyí tó jí ẹran, ìwọ ni.”

“Èyí tó fi pamọ́.”

“Èyí tó fi pamọ́, ìwọ ni. Èyí tó dùbúlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn ńkọ́?”

“Kì í ṣe èmi.”

“Ìwọ wá ni ta nínú ìtàn náà?”

Alájì dojú bolẹ̀, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì. Alájà ló yíjú sí Dókítà.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, irú bàtà wo ni?”

“Bàtà aláwọ ni,” Dókítà ní, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. “Ti ẹsẹ̀ òsì. Ajá náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu rẹ̀.”

Alájà wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. “Ẹ ní wọ́n jí i ní mọ́ṣáláṣí. Mo sì bi yín nígbà náà pé olè wo ló ń jí bàtà ẹsẹ̀ kan.”

“Mo ń sùn ni,” Alájì ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bíi ti Dókítà. Àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ síwájú kí wọ́n lè gbọ́ ọ. “Ariwo ajá ló jí mi. Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà nílẹ̀.”

“O ò yọjú wò?”

“Mi ò yọjú.”

“Mo mọ̀ pé òun ni,” Dókítà ní. “Mo mọ bàtà Ìbráhímù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ‘ẹnì kan’.”

Alájì gbójú sókè, ó wo Dókítà. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ forí korí. Wọn ò pẹ́.

“Alájì Ìbráhímù,” Baálẹ̀ ní, “o jàre ẹjọ́ rẹ.”

Alájì rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

“O ní ìwọ ni ajá Dókítà. Ìyàwó rẹ jẹ́rìí sí i. Ikrimah nìkan ló ta kò ó, a ò sì gba tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i: láti òní lọ, ajá méjì ni Dókítà ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajá kì í ṣe ìhanrun àti ẹran nìkan. Bí o bá ti kírun Àsàrì tán lójoojúmọ́, wàá ti ṣọ́ọ̀bù, wàá sọdá títì. Wàá bá a rìn dé ìkángun àdúgbò, wàá bá a padà. Bí ó bá ń lọ bí ìgbín, wàá lọ bí ìgbín. Bí ó bá ṣubú, wàá dùbúlẹ̀ tì í, wàá máa gbó títí èèyàn á fi dé.”

“Baálẹ̀, kí n máa gbó?”

“Bí o bá lè pariwo bí èèyàn, ìgbìmọ̀ ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí ẹni tó ń sùn lódìkejì títì.”

“Pẹ̀lú agbádá mi?”

“Agbádá tó gba ẹran á gba erùpẹ̀.”

“Itọ́ ajá ńkọ́, Baálẹ̀?”

“Ọṣẹ ò tíì wọ́n ní Adabraka. Wàá fọ̀ ọ́, wàá kírun rẹ. Dókítà, má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń ránṣẹ́ pè é. Ìwọ lọ ra ajá, o sọ ọ́ lórúkọ, o jókòó sílé, o ń fi fóònù ta èèyàn lókùúta. Ìtàn kankan ò gbọdọ̀ dé Wàsáàpù mọ́ láìjẹ́ pé o ti kà á fún Alájì. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí o pa á rẹ́.”

“Bí ó bá jẹ́ òótọ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ńkọ́?”

“Fi sílẹ̀. Kí ó máa hanrun lé e lórí.”

Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n forí lé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà dé orí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Àìsàn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án ní ìṣó. Gbogbo èrò dúró lẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú ń wo ẹni kejì. Alájì ti sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì. Ó wẹ̀yìn, ó rí i, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó ká etí agbádá rẹ̀ lọ́wọ́, ó gòkè padà.

“Kí ni kí n ṣe?” ó bi í.

“Fi ẹsẹ̀ rẹ dábùú iwájú tèmi,” Dókítà ní. “Bí mo bá rí nǹkan tí mo máa ré kọjá, ẹsẹ̀ á ṣí.”

Alájì fi ẹsẹ̀ dábùú. Dókítà wò ó, ó kó ara jọ, ó gbé ẹsẹ̀. Kò ré e kọjá. Ó gbé bàtà rẹ̀ lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Alájì, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

“O tẹ̀ mí mọ́lẹ̀,” Alájì ní.

“Àìsàn ni.”

“Abọ́dúnrìn, o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

Láti inú yàrá ẹjọ́, ohùn Ìyá Àkànkẹ́ dé bá wọn, ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀.

“Alájì, ajá kì í sọ̀rọ̀.”

Alájì pa ẹnu dé. Ó sọ̀kalẹ̀ sí àtẹ̀gùn kejì, ó sì fi ẹsẹ̀ kejì dábùú.